Obìnrin Tí Ọkọ Rẹ̀ Dáná Sun Ìwé Rẹ̀

Ẹ fà mọ́ ẹyin iná àgbàdo yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti mú iná lọ, àwọn kọ̀ndọ́ tó ń pe Ìkòtún, tó ń pe Ẹ̀gbẹ́dá kò sì tíì ní dákẹ́ ní Ìyànà Ìpájà yìí. Ohun ìyanu kan wà níkùn mi. Kì í ṣe ààlọ́ ìjàpá o. Ó ṣẹlẹ̀.

Èkó níhìn-ín ni wọ́n ti bí Buchi Emecheta ní 1944. Ará ìlú Ibusa ni àwọn òbí rẹ̀, rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú un relé, ìyá àgbà kan nínú ẹbí bàbá rẹ̀ a máa pìtàn fún àwọn ọmọdé nínú òṣùpá. Ẹnu ìyá yẹn ló ti kó o, pé òun náà yóò máa pìtàn. Ó di ọmọ ọdún 16, ó relé ọkọ. Ní 1962, ó lọ bá ọkọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé ọkọ ọ̀hún kò dùn. Obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín nílé, ọkàn rẹ̀ a máa jáde ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣé kò sí irú wọn láàárín wa ni? Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á jókòó sínú dánfó Ọ̀ṣòdì, ojú rẹ̀ ń wo ìta, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́dọ̀ ọkọ mìíràn tó ń fi oríkì pè é. Nígbà mìíràn, àlá ojú-mọmọ náà á ṣókùnkùn: á rí ara rẹ̀ nínú aṣọ opó, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú, ara sì tù ú. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù ara rẹ̀ á ti bà á. Ẹ má pè é ní àjẹ́. Ẹni tí wọ́n sé mọ́lé ló ń wá ihò tí yóò gbà yọ.

Emecheta ní tirẹ̀, inú ìwé ló ń da àlá rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ń ké, ó ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ tán, ọkọ rẹ̀ dáná sun ún.

Ìyanu rẹ̀ nìyí: ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó jáde. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ márààrún. Ó ń jí ní ìdájí láti kọ̀wé kí wọ́n tó jí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1972. Èyí tó jóná ńkọ́? Ó tún un kọ láti inú orí rẹ̀, ó jáde ní 1976: The Bride Price. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kan sá tẹ̀lé ẹni tó wù ú. Ẹbí rẹ̀ ò gba owó orí rẹ̀, ó sì kú sórí ìkúnlẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Inú ìwé ni ikú wà. Òun tó kọ ọ́ yè, ó wà láyé títí di 2017.

Ní tiwa níhìn-ín, Ìjọba Èkó ti ṣòfin lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007, ilé-iṣẹ́ DSVA sì wà fún un. Bí ọkọ aládùúgbò yín bá ń lù ú, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àlá. Mo bẹ̀ yín, ẹ sìn ín dé ọ̀dọ̀ wọn.