Àkọsílẹ̀ Tó Ń Dáhùn Ìbéèrè

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Charley jà ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tí wọ́n pè ní Frances tún ń ti orí òkun bọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ìtajà Walmart ò dúró kó dé. Linda Dillman, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ní kí wọ́n padà sínú àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà nígbà tí Charley ń bọ̀, kí wọ́n wo ohun tí àwọn èèyàn sáré rà.

Pé tọ́ọ̀ṣì á tà, ta ni ò mọ̀? Ohun tí kò sẹ́ni tó rò ni Pop-Tarts, ìpápánu aládùn tó ní strawberry nínú. Kí ìjì tó dé, títà rẹ̀ tó ìlọ́po méje ti ọjọ́ lásán. Bíà ló sì tà jù nínú gbogbo ọjà. Ẹni tó bá rò ó síwá sẹ́yìn á rí ìdí rẹ̀: bí iná bá lọ, Pop-Tarts ò fẹ́ sísè, kì í tètè bàjẹ́, tọmọdé tàgbà ló sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni gbogbo àlàyé yìí. Àkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí àwọn èèyàn tó máa wá ìdí. Kí Frances tó gúnlẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Walmart ti gbọ̀nà Florida.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn ni àwọn oníṣòwò ń pè ní business intelligence, tí ọ̀pọ̀ ti gé kúrú sí BI. Kí ilé-iṣẹ́ kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀ jọ ni, kó tò ó, kó bi í ní ìbéèrè, kí ìdáhùn sì tètè dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu. Ìdáhùn tó bá dé lẹ́yìn tí ìjì ti jà tán, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ká mú rìsíìtì kan ṣoṣo láti súpámákẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ wà lórí rẹ̀, aago wà níbẹ̀, nọ́ńbà kántà, orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀, àti bóyá owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi san án tàbí káàdì. Oníbàárà lè ká a sápò tàbí kó jù ú nù, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí irú rẹ̀ bá di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn. Búrẹ́dì wo ló máa ń tán kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù? Ọjọ́ wo ni èrò ń pọ̀ débi pé àwọn tó ń gbowó ò tó? Àwọn tó ra mílíìkì, kí ni wọ́n tún ń rà mọ́ ọn?

Rìsíìtì nìkan kọ́ ni ìwé tó wà nílé. Ìwé ọjà tó wọlé wà lọ́tọ̀, ti owó oṣù wà lọ́tọ̀, ti àwọn tó jẹ gbèsè wà lọ́tọ̀. Bí ẹ̀ka kan ṣe ń kọ tirẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ka kejì ń kọ ọ́. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ̀ka kan kọ "ìrẹsì àpò ńlá", òmíràn kọ "ìrẹsì 50 kg", kọ̀ǹpútà á sì rò pé ọjà méjì ni. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti irú nǹkan báyìí kó tún un ṣe, kí gbogbo rẹ̀ tó lè wà lójú kan. Ní 1988, Barry Devlin àti Paul Murphy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, gbé àpèjúwe jáde nípa irú ilé ìkó-dátà-sí tó lè gba gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Lóde òní, ètò bíi Power BI ti Microsoft tàbí Tableau ló máa ń gba ohun tó bá jáde níbẹ̀, tí á fi ìlà àti àwọ̀ gbé e síwájú ọ̀gá lójú ẹyọ kan.

Èrò náà ti pẹ́. Ìwé kan tí Richard Millar Devens tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1865 ti lo orúkọ business intelligence nígbà tó ń sọ nípa Henry Furnese, oníbáńkì ìlú London, ẹni tí ìròyìn ogun ilẹ̀ Yúróòpù máa ń dé etí rẹ̀ ṣáájú àwọn tó kù, tó sì ń tibẹ̀ jèrè. Ní 1958, Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́, kọ̀wé lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹni tó wúlò fún. Láti 1989 ni Howard Dresner ti wá sọ orúkọ náà di ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè.

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tó ń gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Irú orí bẹ́ẹ̀ wúlò níwọ̀n ìgbà tí oníṣòwò bá ṣì mọ ojú àwọn oníbàárà rẹ̀. Tí ẹ̀ka bá ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí oníbàárà di mílíọ̀nù, orí ẹyọ kan ò lè gbé e mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Tọkọtaya kan, Edwina Dunn àti Clive Humby, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ dunnhumby sílẹ̀ ní 1989, bá wọn yẹ dátà wò láti àwọn ẹ̀ka díẹ̀ tí wọ́n fi dán káàdì oníbàárà wò. Nígbà tí wọ́n wá jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ olùdarí ní 1994, alága, Ian MacLaurin, sọ pé ẹ̀rù ba òun: ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn oníbàárà òun láàárín oṣù mẹ́ta ju èyí tí òun mọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ní oṣù Kejì 1995, káàdì náà, tí wọ́n pè ní Clubcard, jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìgbàkígbà tí oníbàárà bá fi í hàn ní kántà, ohun tó rà á lẹ̀ mọ́ orúkọ ilé rẹ̀. Ìwé ẹ̀dínwó á sì máa tẹ̀ lé e wálé, kì í ṣe irú kan náà fún gbogbo èèyàn. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń rà ni wọ́n ń wò. Lọ́dún yẹn náà ni Tesco kọjá ilé ìtajà Sainsbury's, ó sì di ilé ìtajà oúnjẹ tó tóbi jù ní ilẹ̀ náà. Káàdì nìkan kọ́ ló ṣe é, àmọ́ ó kó ipa tó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Target ní Kánádà yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí gbogbo ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ilé ìtajà Amẹ́ríkà yìí wọ Kánádà ní 2013 pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ń fi ìkánjú tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà wọlé. Wọ́n fi íǹṣì sí ibi tó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n kọ ìbú síbi òró. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí títí ó fi ń dà sílẹ̀, pẹpẹ ilé ìtajà sì ṣófo, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé ọjà wà. Ní oṣù Kìíní 2015, Target kéde pé òun ń kó kúrò. Ilé ìtajà 133 ló kógbá wọlé, èèyàn tó lé ní 17,000 sì pàdánù iṣẹ́. Àwọn olùdarí wọn ò ṣaláìní ìròyìn. Irọ́ ló wà nínú ìròyìn náà, láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń náwó rẹpẹtẹ sórí ètò kọ̀ǹpútà, tí kò sì fún akọ̀wé rẹ̀ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àkókò tó tó, ó ń fi owó ṣòfò ni.

Èrè nìkan kọ́ sì ni BI wà fún. Ní 2012, ọmọ 122 ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà làwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára fi ń rìn lápá àríwá, ọ̀pọ̀ abúlé ò sì sí lórí rẹ̀ rárá. Wọ́n wá lo àwòrán sátẹ́láìtì láti fi rí àwọn ibùgbé tó fara pa mọ́, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní fóònù tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé. Bí ọjọ́ bá rọ̀, fóònù á tú ohun tó gbà sórí kọ̀ǹpútà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò dé á sì hàn, kí wọ́n lè padà lọ síbẹ̀. Iye ọmọ tí àrùn náà mú já sí 53 ní 2013, ó sì di 6 ní 2014. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ló ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n dátà ló fi ilé tí wọ́n fò hàn wọ́n.

Gbogbo agbára yìí ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ilé kan ń rà lè mọ àìsàn tó wà níbẹ̀, ó lè mọ oyún, ó lè mọ̀ pé owó ti dínkù lọ́wọ́ baálé. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí ó bá ní àṣìṣe. Àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Òṣogbo ò nílò ilé ìkó-dátà-sí. Excel tó fún un, àní ìwé ìkọ̀wé lásán náà tó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń kọ iye owó tó wọlé lójúmọ́, wọ́n á sì pa ìwé dé. Iye owó yẹn ò lè sọ ju pé ọjà yá tàbí kò yá. Bí wọ́n bá fi orúkọ ọjà tó tán àti aago tó tán kún un, ó ti di nǹkan míì. Kí wọ́n tún kọ ohun tí oníbàárà bèèrè tí kò sí, nítorí ọjà tí wọn ò rà kì í wọ ìwé owó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nílò láti mọ̀ jù nígbà tó bá ń múra àtilọ kó ọjà tuntun.