Iyùn Òkúta, Iyùn Òkun: Ohun tí Ìmọ̀ Nípa Òkúta Fi Kún Ìtàn Ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń túmọ̀ iyùn sí "coral", àwa onímọ̀ náà sì ń gbé ìtumọ̀ yìí láti inú àpilẹ̀kọ kan bọ́ sínú òmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìtumọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Bí a bá tú àpótí ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé wò, a ó rí i pé ohun méjì tí ìṣẹ̀dá wọn jìnnà síra ló ń jẹ́ orúkọ kan náà: ọ̀kan jẹ́ egungun ẹ̀dá inú òkun, èkejì jẹ́ òkúta pupa tí a là, tí a lu, tí a sì dán. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Èrò wa ni pé ẹni tó bá pa ìyàtọ̀ yìí tì kò ṣi orúkọ lò nìkan. Ó tún ṣi ọ̀nà tí ìtàn gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun méjì lábẹ́ orúkọ kan

Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń gbé pọ̀ nínú òkun ló ń kọ́ iyùn òkun. Iyùn pupa tó lókìkí jù lọ ti inú Òkun Mediterranean wá. Calcium carbonate ni, èròjà kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Nítorí èyí, kò le púpọ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, àárín 3 sí 4 ni ó wà. Ọbẹ lè ha ojú rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì lè jẹ ẹ́.

Iyùn òkúta yàtọ̀ pátápátá. Jasper àti carnelian ni òkúta tí a sábà máa ń rí, ìran quartz sì ni àwọn méjèèjì. Líle wọn sún mọ́ 7. Carnelian máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá; jasper kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èròjà irin, tí í ṣe ìbátan ìpẹtà, ló fún wọn ní àwọ̀ pupa, irú èyí tó pa ilẹ̀ Ìbàdàn àti Ifẹ̀ láró.

Ọ̀nà tí carnelian gbà ń wáyé yẹ ní mímọ̀. Bí òkúta yíyọ́ bá tú jáde láti inú ayé, tó sì ń tutù di basalt, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń fi ihò sílẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ yóò gbé sílíkà wọ inú ihò wọ̀nyí, yóò sì máa tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele títí ihò náà yóò fi dí. Ìdí nìyí tí carnelian fi pọ̀ ní Gujarat ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí irú òkúta yíyọ́ bẹ́ẹ̀ ti bo ilẹ̀ ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Khambhat níbẹ̀ a máa fi iná yan òkúta náà, kí èyí tó jẹ́ àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ lè di pupa.

Ohun tí ilẹ̀ wa ní àti èyí tí kò ní

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tẹ̀dó sí. Granite, gneiss àti quartzite tí ọjọ́ orí wọn lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún ló wà lábẹ́ wa. Àpáta Olúmọ àti òkè Ìdànrè jẹ́rìí sí i. Quartz pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe basalt oníhò tó ń bí carnelian.

Ohun mìíràn ni ilẹ̀ wa fún wa. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí Abidemi Babatunde Babalola ṣe ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ mú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àwọn ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Láàárín ọ̀rúndún 11 àti 15 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé alumina àti èròjà ẹfun pọ̀ nínú dígí Ifẹ̀ ju ti ilẹ̀ òkèèrè lọ. Alumina púpọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ilẹ̀ olókùúta granite mu. Ọmọ onílẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró Ifẹ̀. Àlejò ni carnelian.

Àlejò tó di onílé ní Ìlọrin

A kò lè torí èyí sọ pé àjèjì ni iṣẹ́ òkúta. J. D. Clarke kọ̀wé lórí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta Ìlọrin ní 1938. Ann O'Hear náà kọ tirẹ̀ ní 1986 lórí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lántànà. Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun iṣẹ́ wọn. Àwọn oníṣòwò ló ń gbé jasper pupa wá bá wọn láti ìhà àríwá. Irin kò le tó jasper, nítorí náà a kò lè fi irin gé e bí ẹni gé igi. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣá a, tí wọ́n sì ń lu ihò sí i, kí wọ́n tó fi omi yọ́ ọ lórí òkúta. Sùúrù wà nínú iye owó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìlẹ̀kẹ̀ Yúróòpù gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ìlú Idar-Oberstein ní Jámánì ń fi agbára omi yí ọlọ, wọ́n sì ń gé agate tí ọkọ̀ òkun kó wá láti gúsù Brazil, ilẹ̀ basalt mìíràn. Wọ́n ń tà á dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin kò lè bá ẹ̀rọ wọn figagbága.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì

Ẹ jẹ́ kí a wo orí idẹ aládé tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ọ̀dà pupa ṣì wà lára ìlẹ̀kẹ̀ adé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi iṣẹ́ náà sí ọ̀rúndún 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Àwọn ọkọ̀ Potogí kò sì dé etíkun wa títí di nǹkan bí 1470. Bí a bá kọ "coral" lásán, ọkàn òǹkàwé yóò lọ sí etíkun àti ọkọ̀ òyìnbó. Lóòótọ́, iyùn òkun pàápàá lè gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Síbẹ̀, bí a bá rántí jasper àti carnelian, ọ̀nà ẹsẹ̀ ìhà àríwá yóò hàn sí wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ya ìtàn méjì sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé pẹ̀lú. Nínú ẹbí tèmi, ẹnì kan fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dán iyùn ìyá wa àgbà wò nígbà tí a fẹ́ pín ogún. Ojú ìlẹ̀kẹ̀ náà bàjẹ́, wọ́n sì sọ pé ayédèrú ni. Iyùn òkun gidi ni wọ́n bà jẹ́, nítorí wọ́n rò pé òkúta ni gbogbo iyùn. Ìwúwo nìkan kò lè ya òkun kúrò lára òkúta, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Rọ́bà nìkan ni yóò fúyẹ́. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sàn jù: ilà wẹ́wẹ́ máa ń hàn lára iyùn òkun, carnelian sì máa ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ìkádìí

Àbá wa ni pé kí a máa kọ iyùn òkun àti iyùn òkúta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ìmọ̀, ní èdè yòówù tí a bá fi kọ ọ́. Níbi tí a kò bá ti yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò, kí a kọ iyùn sílẹ̀ bó ṣe wà, láìtúmọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa lè fi orúkọ kan pe méjèèjì, nítorí pupa àti ọlá ni wọ́n ń wò. Àwa tí à ń wá ibi tí pupa náà ti wá ni a kò gbọ́dọ̀ dúró sórí àwọ̀.