Ìgbà 13 Ni Wọ́n Yàn Án Tí Kò Gbà Á

Bí a bá wo fíìmù tán, àwọn òṣèré ni a máa ń rántí. Ta ni ó ń béèrè ẹni tí ó di kámẹ́rà mú, tí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá àti ibi tí òjìji yóò bọ́ sí? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Roger Deakins, tí a bí ní 1949 ní Torquay, ìlú etí òkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ fẹ́ wọ National Film School, wọn kò gbà á. Kò jókòó máa ráhùn. Ó gbé kámẹ́rà lọ sí àríwá Devon, ó ń ya fọ́tò àwọn ará oko lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ní 1972, wọ́n gbà á wọlé.

Ní 1995, wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ nínú The Shawshank Redemption mọ́ àwọn tí ó lè gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Ní 2008, nínú fíìmù márùn-ún tí wọ́n yàn, òun ni ó ya méjì. Síbẹ̀, ẹlòmíràn ni ó gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí títí ó fi pé ìgbà 13.

Ṣé ó wá pa kámẹ́rà tì? Rárá o! Bí wọ́n ti ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ ohun tuntun. O Brother, Where Art Thou?, tí ó yà, tí ó jáde ní 2000, wà lára àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ewé tútù yọ̀yọ̀ di ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní 2018, Blade Runner 2049 gba Oscar fún un. Ó ti pé ẹni ọdún 68. Ní 2020, ó gba èkejì pẹ̀lú 1917, fíìmù ogun tí wọ́n ṣètò bí ẹni pé kámẹ́rà kò dúró rárá. Ní 2021, ó di Sir Roger.

Ẹ̀yin òbí, bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá gba ọmọ yín lọ́dún yìí, ẹ má ṣe pè é ní olódo. Ẹ bi í léèrè pé: “Kí ni ìwọ yóò fi ọwọ́ rẹ ṣe kí ọdún tó yí po?” Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.