Oògùn tí a fi ń wo Bárakú Oògùn Olóró

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oògùn olóró rí. Ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ mu oògùn ikọ́ tí ó ní kodíìnì nínú kí ó lè bá ẹgbẹ́ pé, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó ń lo tramadol kí iṣẹ́ agbára má baà rẹ̀ ẹ́, kò mọ ọjọ́ tí oògùn náà di ọ̀gá lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, àwọn ará ilé a ní aláìgbọràn ni, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ti là á yé wa: a ní ó ti di bárakú fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a ń lò fún àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Àìsàn ni à á sì wò, a kì í wo ikú.

Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Nínú ènìyàn 5 bẹ́ẹ̀, ó ti di àìsàn fún ẹnìkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 náà ni ìjọba fi òfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkodíìnì wọ̀lú. Òfin lè mú kí oògùn wọ́n lọ́jà. Kò lè wo ẹni tí ó ti wọ̀ lára.

Báwo ni ó ṣe ń wọni lára? Nínú ọpọlọ ni àwọn ibì kan wà tí ó dà bí ojú àgádágodo. Kodíìnì, tramadol àti hẹ́róìnì dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí i. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, ìrora á rọlẹ̀, inú á sì dùn. Bí ó bá di ojoojúmọ́, ọpọlọ á gbára lé e. Ọjọ́ tí kò bá rí i, ara á máa gbọ̀n, inú á máa run, oorun á sì dá lójú. Ìyà yìí ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí oògùn náà nígbà tí adùn rẹ̀ ti tán.

Oògùn mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn ń lò jù. Èkínní ni methadone. Ní 1964 ni Dókítà Vincent Dole àti Dókítà Marie Nyswander bẹ̀rẹ̀ sí í fi í tọ́jú àwọn tí hẹ́róìnì ti di bárakú fún ní ìlú New York. Kọ́kọ́rọ́ tí ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ìwọ̀n kan ṣoṣo a máa gbé aláìsàn di ọjọ́ kejì. Èkejì ni buprenorphine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ní 2002. Ààbọ̀ ni ó ń ṣí àgádágodo, nítorí náà kì í tètè dá èémí dúró bí àwọn yòókù. Láti 2017 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí ń lo oṣù kan nínú ara ti wà. Ẹ̀kẹta ni naltrexone. Èyí wọ ojú àgádágodo ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó kàn dí i kí òmíràn má lè wọlé ni. A kì í fún aláìsàn títí oògùn olóró yóò fi kúrò lára rẹ̀. A sì tún ń lò ó fún àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka methadone àti buprenorphine mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Àwọn kan a máa béèrè pé: ṣé kì í ṣe pé a gba ẹrú lọ́wọ́ olówó kan, a fà á lé olówó mìíràn lọ́wọ́? Rárá o. A kì í sọ fún ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà pé abẹ́rẹ́ insulin ti di bárakú fún un. Ẹni tí ó ń lo methadone ní ìwọ̀n tí dókítà là sílẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ó lè kàwé, ó sì lè tọ́ ọmọ. Ohun tí ó léwu ni kí a ti ẹnìkan mọ́lé fún oṣù mélòó kan láìsí ìtọ́jú, kí a sì wá tú u sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò lè gba oògùn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ó bá padà lo ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dúró. Naloxone ni a fi ń yọ kọ́kọ́rọ́ náà kíákíá kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún mí.

Iṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀nà. Fún kokéènì àti methamphetamine, ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí oògùn kankan. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021, tí a fi ènìyàn 403 ṣe, a lo naltrexone pọ̀ mọ́ bupropion fún àwọn tí ń lo methamphetamine. Ó ṣiṣẹ́ fún 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí a fún ní èyí tí kò ní oògùn nínú, 2.5 péré ni. Ní 2025, ìwádìí kékeré lórí ènìyàn 48 fi hàn pé semaglutide, tí a kọ́kọ́ ṣe fún ìtọ̀ ṣúgà, dín òǹgbẹ ọtí kù láàárín ọ̀sẹ̀ 9. Ìrètí ni èyí. Kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń dá rà lọ́jà fúnra rẹ̀.

Olùkọ́ ni ó sábà máa ń tètè rí i pé nǹkan ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá lé e kúrò nílé ìwé, ìta ni ó lé e sí, níbi tí oògùn olóró wà. Bí ó bá bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì jọ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọṣẹ́, irú bí ẹ̀ka tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà ìwòsàn ti là. Oògùn nìkan kò tó; ìmọ̀ràn, iṣẹ́ lọ́wọ́ àti ẹbí tí kò kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kún un. Ẹni tí ó bá sì ṣubú padà, kí a tún gbé e dìde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún aláìsàn gbogbo.