Kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Oníṣòwò kan lè fowó gọbọi ra kọ̀ǹpútà tuntun, kó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, kó tó wá rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fi ń já rìsíìtì fáwọn oníbàárà kò níbi tí yóò ki wáyà rẹ̀ bọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò bàjẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ dúró. Àwọn ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló ti yí padà.

Láyé ọjọ́un, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Ihò gbọọrọ tó gba wáyà onípíìnì 25, tí wọ́n ń pè ní parallel, ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èyí tó kéré, onípíìnì 9, ni serial, tí modem ń lò. Ihò róbótó méjì sì ni ti kíbọ́ọ̀dù àti máòsì.

Lọ́dún 1996 ni Intel, Microsoft, IBM, Compaq àtàwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé USB jáde, kí ihò kan ṣoṣo lè gba gbogbo wọn. Nígbà tó di 1998, Apple ta kọ̀ǹpútà iMac láìfi àwọn ihò àtijọ́ sí i. USB ọdún 2000 yára tó ìlọ́po 40 ti 1998. Èèyàn lè kì í bọ̀ ọ́, kó sì yọ ọ́, láì pa kọ̀ǹpútà, ó sì ń fún ohun èlò kéékèèké níná.

Ṣé ká wá kó ẹ̀rọ àtijọ́ dànù ni? Rárá o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi abẹ́rẹ́ gbá ríbọ́ọ̀nù mọ́ ìwé ló lè tẹ ìwé oníkábọ́ọ̀nù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń lo íńkì olómi tàbí laser ò lè ṣe é, nítorí wọn kì í gbá ìwé. Ẹni tó ń kọ ìwé ẹrù fún dírẹ́bà, oníbàárà àti ọ́fíìsì ṣì nílò rẹ̀.

Kí ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, nítorí àwọn kan ní ihò parallel àti USB pọ̀. Bí kò bá ní, wáyà tó so USB mọ́ parallel wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n kì í sábà ṣiṣẹ́ fún scanner àtijọ́, tàbí fún sọ́fítíwíà ìṣirò àtijọ́ tó ń wá ihò parallel gan-an. Ti serial náà ń béèrè sọ́fítíwíà kékeré tí wọ́n ń pè ní driver. Ẹ rí i pé ó bá Windows yín mu.

Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, káàdì oníhò parallel tàbí serial wà tí wọ́n lè fi sínú rẹ̀. Èyí ló dára jù fún ẹni tí wáyà já kulẹ̀, àmọ́ kí káàdì náà bá àyè inú kọ̀ǹpútà mu.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló jẹ́ ihò USB pẹlẹbẹ kékeré nìkan ló ní, USB onígun mẹ́rin tí a mọ̀ ò sì wọ̀ ọ́.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bẹ́ ẹ bá ń lọ ra kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín dání, kí wọ́n so ó pọ̀, kí ó tẹ rìsíìtì kan lójú yín, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.