Bátìrì Tó Wà Nínú Páálí Náà Ń Kú Lọ

Páálí bátìrì náà ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í láti ilé iṣẹ́ nígbà tí mo gbé e jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àǹtí mi, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn n'Íbàdàn, ló rà á sílẹ̀ ní bí ọdún kan àtààbọ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n rí i pé owó bátìrì inverter ò yé lọ sókè. Èrò wọn ni pé lọ́jọ́ tí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá kú, àwọn á kàn gbé tuntun sí i ni, kí fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú insulin sí má baà gbóná. Ọjọ́ náà dé. Mo fi mítà kan orí bátìrì "tuntun" yìí, ó kọ 8.9. Fóltì 8.9, ohun tó yẹ kó lé ní 12!

"Àlòkù ni wọ́n tà fún mi!" ni Àǹtí mi ń pariwo. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀ o. A sáré kó insulin lọ sínú fíríìjì aládùúgbò kan tó ní sólà, ọkàn wa wá balẹ̀ díẹ̀, mo sì yẹ bátìrì náà wò dáadáa. Kì í ṣe àlòkù. Ibi tí a tọ́jú ẹ̀ sí náà ló kú sí.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń wo bátìrì bíi mílíìkì inú agolo: tí a ò bá ti ṣí i, kò sí ohun tó máa ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwo òjé oríṣi méjì ló wà nínú bátìrì alásíìdì, títí kan àwọn tí wọ́n dé pa tí ẹnikẹ́ni kì í bu omi sí, irú ti UPS àti ti inverter. Ọ̀kan jẹ́ òjé lásán, èkejì jẹ́ òjé tó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ásíìdì sì wà láàárín wọn. Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1859. Tí a bá ń lo bátìrì, ásíìdì á máa so mọ́ òjé lára àwo méjèèjì, á di lead sulphate. Tí a bá ṣájì í, á padà sípò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ásíìdì ò dúró de ìgbà tí ẹ bá so wáyà mọ́ ọn. Bó ṣe wà nínú páálí yẹn náà ló ń jẹ òjé díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tó tutù níwọ̀nba, bíi 25°C, bátìrì tí wọ́n dé pa máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ lóṣù kan. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí ooru bá fi 10°C lé sí i, ìpàdánù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá ro yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ páànù, nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tó kọ "ẹ ṣájì í lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà" sára páálí, ooru ilé tiwa kọ́ ló ń rò.

Kí agbára tán nìkan kọ́ ló ń pa bátìrì o. Àkókò tó fi wà láìní agbára ló ń pa á. Lead sulphate tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé máa ń kúnná, ṣájà á tètè tú u ká. Tó bá ti pẹ́, á dì, bí iyọ̀ ṣe máa ń dì nínú ike lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀kan gbàǹgbà gbàǹgbà. Iná kì í gba inú ẹ̀ kọjá, ó sì ti bo àwo náà mọ́lẹ̀. Mo gbìyànjú láti jí ti Àǹtí mi, mo fi ṣájà tó rọra ń ṣiṣẹ́ sí i fún ọjọ́ méjì. Fóltì gòkè dé 12.6, inú wa dùn. A so gílóòbù kan mọ́ ọn, ká tó mu tíì tán, iná ti wọ́.

Ẹ ò nílò ju mítà kan lọ láti mọ̀ kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ lára ṣájà, torí irọ́ ni fóltì tó bá kọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá wà ní bíi 12.8 sókè, ó kún. Tó bá ti sún mọ́ 12.5, ẹ má tún dúró mọ́, ẹ ṣájì í. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni 12.0. Wọ́n á ní, "Ṣebí bátìrì fóltì 12 ni, ó ṣáà wà ńbẹ̀." Kò sí ńbẹ̀ o! Ní 12.0, agbára tó kù nínú ẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Torí náà, ẹ ṣájì í kún kí ẹ tó gbé e pamọ́. Ẹ tú gbogbo wáyà kúrò lórí ẹ̀, torí UPS tí ẹ ti pa náà ṣì lè máa fa iná díẹ̀díẹ̀. Ibi tó tutù jù nílé ni kí ẹ gbé e sí. Ní ilẹ̀ wa níbí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń yẹ tèmi wò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé sìmẹ́ńtì ń fa agbára bátìrì, Àǹtí mi tiẹ̀ gbé tiwọn lé pákó. Ó ṣeé ṣe kó jóòótọ́ láyé ìgbà tí wọ́n ń fi igi àti rọ́bà ṣe ara bátìrì, àmọ́ ike ni tòde òní. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tutù gan-an ló dáa fún un.

Ṣájà tó bá a mu ṣe pàtàkì. Èyí tó máa dé 14.4 sí 14.7, tí á sì já wálẹ̀ sí bíi 13.6 fúnra ẹ̀ tó bá kún, ni kí ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé bátìrì UPS kékeré lọ fún rìwáyà tó ń ṣájì bátìrì tírélà. Agbára yẹn á mú kó hó, omi inú ẹ̀ á bá ẹnu ihò rẹ̀ jáde bí afẹ́fẹ́, ẹ ò sì lè bu òmíràn sí i. Afẹ́fẹ́ yẹn ń gbiná, ẹ ṣí fèrèsé. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á nínú àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré, torí májèlé ni òjé jẹ́ fún ọpọlọ wọn.

Tó bá jẹ́ tèmi, mi ò tiẹ̀ ní tọ́jú bátìrì sínú páálí rárá. Méjì tó dọ́gba ni mo máa ní, máa sì máa gbé wọn pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí mi ò gbà, wọ́n ní wàhálà ti pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n tún rà, a kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, torí orí káńtà ẹni tó ń tà á náà ni ìyà ti lè jẹ ẹ́. Mo lẹ tépù funfun mọ́ ọn lórí, mo kọ ọjọ́ àti 12.9 sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 12.7. Àwọn gan-an ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà: "Ọjọ́ bátìrì ti pé o, ṣé o ti ń bọ̀?"