Eré Ìkọ́ni: Bí Eré Oníṣe Ṣe Lè Kọ́ Ọmọdé ní Ìṣirò àti Ìmọ̀ Ìlera

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, kò ṣòro láti rí ọmọ ilé-ìwé tí ó lè ka òǹkà ní èdè Faransé láti 1 dé 100 láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń dákẹ́ bí olùkọ́ bá béèrè iye owó tí ó yẹ kí a dá padà fún oníbàárà. Ọmọ yìí kan náà, bí ó bá dé ìdí ọjà ìyá rẹ̀, yóò gba owó, yóò dá èyí tí ó kù padà, kò sì ní ṣìṣe. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ kò tó. Ìmọ̀ ilé-ìwé àti ìmọ̀ ọjà ni kò tíì pàdé. Eré oníṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó lè mú kí wọ́n pàdé, bí olùkọ́ bá mọ irú eré tí ó yẹ kí ó lò.

Eré àṣehàn àti eré ìkọ́ni

Eré kì í ṣe àjèjì láàrin àwọn ọmọ Yorùbá. Àlọ́ àti eré òṣùpá ni ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Fún àwọn àgbà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òṣèré a máa fi orin àti àwàdà bá àwọn tí ó hùwà àìtọ́ wí, ìlú a rẹ́rìn-ín, a sì gbọ́ ẹ̀kọ́. Nítorí náà, fífi eré kọ́ni kì í ṣe ọgbọ́n àtọ̀húnrìnwá. Ohun tí ó kù ni bí a ó ṣe fi kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ìlera àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú ètò ilé-ìwé.

Àpẹẹrẹ kan láti inú ìtàn yóò ràn wá lọ́wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, níbi tí ìjọba amúnisìn Faransé ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré oníṣe ní àwọn ọdún 1930. Àwọn ọmọ Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ títí di 1975, kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ náà. Ní 1937, eré wọn tí ń jẹ́ Sokamé dé ìlú Paris. Kí wọ́n tó dé orí ìtàgé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ sí ìlú wọn lákòókò ìsinmi, wọn a bi àwọn àgbà léèrè nípa ìtàn àti àṣà, wọn a sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Nínú ìwádìí yìí ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ṣùgbọ́n èdè àwọn àgbà kò dé orí ìtàgé; èdè Faransé ló débẹ̀. Ìyẹn kò yani lẹ́nu, nítorí pé láyé ìjọba amúnisìn, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé lè gba àmì ìtìjú kan tí yóò máa gbé káàkiri.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ọmọ a máa kọ́ ohun púpọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣẹ̀dá eré ju ìgbà tí ó bá ń ṣe é fún òǹwòran lọ. Èkejì ni pé, bí èdè ọmọ bá dúró sí ìta, apá kan nínú ìmọ̀ rẹ̀ dúró síta pẹ̀lú. Nítorí náà ó yẹ kí a ya eré àṣehàn sọ́tọ̀ kúrò lára eré ìkọ́ni. Eré àṣehàn ní ọ̀rọ̀ àkọ́sórí, ó sì ní òǹwòran. Eré ìkọ́ni kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí ó ní ni ìṣòro kan tí eré kò lè kọjá, àfi bí àwọn ọmọ bá lo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Olùkọ́ nínú eré

Ẹni tí ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dorothy Heathcote (1926–2011). Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́ni ní yunifásítì ní Newcastle. Àṣà rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ wọ inú eré, kí a sì fi àwọn ọmọ sí ipò ọ̀mọ̀ràn tí a wá gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ọmọ mọ̀ pé ó ti mọ ìdáhùn. Ìdánwò ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò mọ iye owó ìlú, ọmọ ní láti ṣàlàyé kí ó yé e. Ẹni tí ó ń ṣàlàyé a máa wá ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì ń wá ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ọjà nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́fà mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ tirẹ̀, ẹní àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ó dúró fún ọjà. Owó náà jẹ́ bébà tí a kọ 5, 10, 25, 50 àti 100 fráǹkì sí. Àlejò, ìyẹn olùkọ́, dé, ó ra ohun tí iye rẹ̀ jẹ́ 75 fráǹkì, ó san 100, ó sì kọ̀ láti gba owó tí ó kù títí di ìgbà tí wọ́n bá fi hàn án bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Níbí ni èdè fúnra rẹ̀ ti di irinṣẹ́ ìṣirò. Ní èdè Faransé, 75 jẹ́ ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: orúkọ náà ń ròpọ̀ ni. Ní Yorùbá, márùndínlọ́gọ́rin ni: ó ń yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rin. Ọmọ tí ó bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́ ìdajì ìdáhùn, nítorí pé márùn-ún ló kù kí ó dé ọgọ́rin, ogún ló sì kù láti ọgọ́rin dé ọgọ́rùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Bí ọjà bá jẹ́ 95 fráǹkì, owó tí a ó dá padà wà nínú orúkọ rẹ̀ tán pátápátá: márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ lè fi han àwọn ọmọ pé èdè méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọgọ́rin jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin. Quatre-vingts tí ilé-ìwé ń kọ́ wọn jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin bákan náà. Níbi 90 ni wọ́n ti yà: Yorùbá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, Faransé sì fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin.

Àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè rí iṣẹ́ tiwọn nínú ọjà yìí pẹ̀lú. Kí àwọn ọmọ kọ orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ sí ara páálí. Ẹni tí ó bá kọ «igba igba» láìfi àmì ohùn sí i yóò rí i pé àlejò kò mọ̀ bóyá igbá tó jẹ́ igba ni wọ́n ń tà ni, tàbí ohun mìíràn. «Igba igbá» nìkan ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àmì ohùn kì í tún ṣe òfin olùkọ́ mọ́. Ó di ohun tí ọlọ́jà nílò kí ó tó lè tajà.

Omi fún ọmọ tí ó ń ṣu

Eré kejì jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn. Ìyá kan, ìyẹn olùkọ́, sáré dé: ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Àwọn ọmọ kíláàsì ni olùtọ́jú ìlera. Àpò oògùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní SRO ló dára jù. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, kò sí i nítòsí. Ìwọ̀n tí àwọn ọmọ kọ́ ni ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà 1 omi mímọ́, kí ṣíbí má gàgá.

Ìgò tí ìyá náà mú wá jẹ́ ti ààbọ̀ lítà. Eré dúró. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti pín ìwọ̀n náà sí méjì: ṣúgà di ṣíbí 3, iyọ̀ di ìdámẹ́rin ṣíbí. Ọmọ tí ó bá fi ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú ìgò kékeré náà ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, iyọ̀ àpọ̀jù sì lè pa ọmọ kékeré lára. Olùkọ́ kò ní láti bínú, ìyá inú eré ni yóò béèrè pé, «Ẹ̀yin olùtọ́jú, ṣé ó dá yín lójú?» Iyanrìn ni kí wọ́n lò dípò ṣúgà àti iyọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu ún. Ìdá àti ìdajì, tí ó jẹ́ ìlà lásán lójú pátákó, ti di ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́.

Èdè tí ó yẹ

Àwọn kan lè rò pé Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti dá wọn lóhùn. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́ wọn. Wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìbáà ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nínú eré, kí ọmọ Kétu sọ ti Kétu, kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ti Ṣábẹ̀ẹ́. Ìgbà tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni kí a tó jíròrò ọ̀nà ìkọ̀wé, bóyá ɛ àti ɔ tí Benin ń lò tàbí ẹ àti ọ ti Nàìjíríà; kí olùkọ́ mú ọ̀kan, kí ó má pa wọ́n pọ̀.

Ohun tí ó lè ba eré jẹ́

Ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ lè gba gbogbo eré mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Kí olùkọ́ máa pààrọ̀ ipò wọn. Ariwo lè bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀; kí agogo kan wà tí ó bá ti dún, kí gbogbo ẹnu dákẹ́. Kò tọ́ kí a fi ẹnikẹ́ni ládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí ó léwu jù ni pé kí eré dùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún òǹwòran. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ àkọ́sórí yóò padà wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀rín kọ́ ni ìdíwọ̀n eré ìkọ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí olùkọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò mìíràn, láìsí ìsọ̀, láìsí ìyá inú eré. Ọmọ tí ó bá lè ṣe é, tí ó sì lè sọ bí ó ṣe ṣe é, ti mú ìmọ̀ ọjà wọ ilé-ìwé, ó sì ti mú ìmọ̀ ilé-ìwé lọ sílé. Bí kò bá lè ṣe é, àṣehàn ni eré náà, bí ó ti wù kí ó dùn tó.